Ṣọ́ọ̀kì Inú Páálí

Kéèkì méjì ni mọ́tò Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ ti pa kó tó gbà pé ara mọ́tò náà kò yá. Èkíní jẹ́ ti ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta kan. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ níbi ayẹyẹ, gbogbo áísìn orí rẹ̀ ti rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí fìlà ọ̀mùtí. Èkejì jẹ́ ti ìgbéyàwó, alájà méjì, tí ti òkè rì sínú ti ìsàlẹ̀ títí ó fi di alájà kan àbọ̀. Ìyàwó Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ tó ṣe kéèkì náà lo wákàtí kan gbáko lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ń fi ọ̀bẹ àti ọmọ ìka rẹ́ ojú rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú òun náà. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó ní ẹ̀bi kéèkì ni, ó ní ìyẹ̀fun rẹ̀ kò gan tó.

Ìyá Kéèkì ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọkọ rẹ̀ dáadáa, torí òun ló ni wàhálà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi jẹ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, níbi tó ti ń pín sípánà, bàtà òjò, gílóòbù àti ọṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Bí ọṣẹ bá tán nílé ìwẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mú pélébé tó kù wá kó tó fún yín ní òmíràn. Bí gílóòbù bá jó, ẹ ó mú èyí tó jó náà wá, ẹ ó nù ún, ẹ ó sì fi bébà ìròyìn wé e. Bírò kan wà nínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ tó fi okùn so mọ́ bọ́tìnnì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, títí kan ìyá ọmọ rẹ̀.

Ó kó òfin wálé láti ibi iṣẹ́ bí ẹni kó ogún bàbá rẹ̀ wálé. Ohun tó bá wà nínú páálí, tuntun ni. Ohun tó bá wà nínú bébà ìròyìn, àtijọ́ ni, bóo fẹ́ bóo kọ̀. Ọjà tó bá sì ti jáde kò gbọdọ̀ padà wọlé láìsí lẹ́tà. Ìyàwó rẹ̀ ti fara mọ́ gbogbo rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fara mọ́ ọkọ tó ń han-run.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì wá dé, ọ̀rọ̀ kúrò ní eré. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà ní òdìkejì ìlú, ọdún mẹ́rin sì ni Ìyá Kéèkì fi ń gbé àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ tí wọ́n ń ní kó padà wá. Lọ́sẹ̀ yẹn, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìdáná wọn sọ fún un pé òun máa fún un láyè kan ṣoṣo. Kó gbé kéèkì alájà mẹ́ta wá lọ́sàn-án Sátidé. Bó bá dé ní pípé, òun ni yóò máa ṣe gbogbo kéèkì hòtẹ́ẹ̀lì náà láti ọjọ́ yẹn lọ. Bó bá dé ní sísán, kó má wulẹ̀ gbé òmíràn wá mọ́. Obìnrin náà sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀.

Láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni Ìyá Kéèkì ti ń yan kéèkì nínú ilé ìdáná tí ìkòkò ọbẹ̀ àti agolo ṣúgà jọ ń du àyè. Àbíkẹ́yìn ọ̀hún ti wọ yunifásítì báyìí. Kò sí ohun tí obìnrin náà tún fẹ́ láyé yìí tó ju Sátidé yẹn lọ.

Nítorí náà, ní Ọjọ́ Ajé, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà lórígun òpópónà wọn. Fetísílẹ̀ ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì náà, nítorí kì í fọwọ́ kan mọ́tò kankan láìkọ́kọ́ dẹ etí sí i bí adájọ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rárá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ búùtù mọ́tò náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jù ú sílẹ̀. Mọ́tò náà lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀, ó tún lọ, ó tún bọ̀, bí òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá ń bá wí tó ń mi orí ṣáá pé bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà.

Fetísílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ti kú. Ó ṣàlàyé pé epo tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì ló ń di mọ́tò mú kó má baà máa fò. Ti inú èyí ti jò tán, òfìfo irin ló kù. Ó ní mọ́tò tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ bá pé, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò lọ sókè, yóò sì dúró jẹ́ẹ́.

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n wá torí ẹ̀ jà ni pé ó ní bí Fetísílẹ̀ bá tú àwọn ti àtijọ́, kó fọ̀ wọ́n, kó nù wọ́n gbẹ, kó fi bébà ìròyìn wé wọn, kó sì buwọ́ lùwé pé òun dá wọn padà fún ẹni tó ni wọ́n. Mẹkáníìkì náà wojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá àwàdà ni. Nígbà tí kò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, irin tó ti kú," ló wí, "ṣé ẹ fẹ́ ṣe òkú ẹ̀ ni?"

Àwọn tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ wọ mọ́tò rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, ó sì wà á lọ, mọ́tò náà ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni ní gbogbo kòtò tó wà lọ́nà.

Kí wọ́n tó délé, ó ti pinnu pé òun fúnra òun lòun máa pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì náà, níwájú ilé òun, lójú gbogbo ayé. Ìyá Kéèkì bẹ̀ ẹ́, ó sì béèrè bóyá ó ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn pé ta ló pín gbogbo ṣọ́ọ̀kì tí àwọn mọ́tò ilé iṣẹ́ wọn lò fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, bí kì í bá ṣe òun. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹni tó ń ta bàtà bọ́ọ̀lù náà ti mọ bọ́ọ̀lù gbá nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò sọ èyí síta. Ẹ̀yin lèmi ń sọ ọ́ fún.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ rẹ̀ gbé ṣọ́ọ̀kì tuntun méjì dé nínú páálí gbọọrọ kan. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa títí dé ibi tó ti bà á jẹ́. Ó fi òkúta há táyà iwájú kí mọ́tò má baà yí. Ó dẹ nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn kó tó fi jáàkì gbé mọ́tò sókè. Ó ti ìtì igi ńlá méjì sí abẹ́ rẹ̀, nítorí jáàkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọkàn tán. Ó yọ táyà, ó da epo sórí àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ó sì fún wọn láyè kí wọ́n mu ún. Ó tú ti ìsàlẹ̀ nídìí táyà, ó ká kò sínú búùtù, ó sì tú ti òkè. Nígbà tí aago kan fi lù, ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ méjèèjì ti wà nílẹ̀, ẹrẹ̀ bò wọ́n, òórùn epo ń ti ara wọn jáde. Ká ní ó gbé àwọn tuntun sí i nígbà yẹn ni, ǹ bá má ní ìtàn kankan láti sọ.

Ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀ kì í gba ọjà ẹlẹ́gbin. Ó bu kẹrosíìnì sínú ìkòkò àlòkù, ó rẹ àwọn àtijọ́ sínú rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo kọ̀rọ̀ ara wọn bí ẹni ń wẹ ọmọ ìkókó. Lẹ́yìn náà ó rí i pé wọ́n dípẹtà. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kun géètì lọ́dún tó kọjá ṣì kù sínú agolo, ló bá kun wọ́n lọ́dà. Èrò rẹ̀ ni pé òun máa gbé wọn lọ fún mẹkáníìkì aláìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn, kó lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe òkú irin. Inú rẹ̀ sì dùn sí èrò náà débi tó fi ń súfèé. Ó wá yọ àwọn tuntun kúrò nínú páálí wọn, ó tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí pákó nínú oòrùn, kó lè wọn gígùn wọn wò.

Ibẹ̀ ni òjò ti ṣú. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ nínú búùtù, ó sì pariwo pe ìyàwó rẹ̀. Inú bọ́tà àti ṣúgà ni ọwọ́ obìnrin náà wà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sáré jáde, ó bá ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin lórí pákó, dúdú ni gbogbo wọn. Méjì ń dán bíi dígí. Méjì yòókù dà bí ohun tí eruku ti bà lé.

"Èwo ni kí n kó sínú páálí?" ló béèrè.

"Èyí tó ń dán," ni ọkọ rẹ̀ wí láti inú búùtù, ìdí rẹ̀ nìkan ló wà níta. "Èyí tó ń dán ni tuntun."

Obìnrin náà gbé méjì tó ń dán. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dúdú lójú ẹsẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọ̀dà wà lára eléyìí o. Ọkọ rẹ̀ kò yọ orí jáde. Ó ní ohun tuntun gbọ́dọ̀ ní ọ̀dà lára, kí ló rò pé wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ní tuntun. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán, bọ́tà ń yọ́ nínú ilé, obìnrin náà kò sì ní àyè àríyànjiyàn. Ó kó àwọn tó ń dán sínú páálí, ó fi bébà ìròyìn wé méjì yòókù, ó kó gbogbo rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fọ ọwọ́ kí òórùn ọ̀dà géètì tó kúrò níbẹ̀.

Òjò rọ̀ tó wákàtí méjì. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ jẹun, ó sùn, ó jí. Nígbà tó jáde padà, ó bá páálí kan àti ohun kan tí wọ́n fi bébà ìròyìn wé. Ọpọlọ rẹ̀ kò tún ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ti bá a ṣe é. Ó ki ọwọ́ bọ inú páálí. Ṣọ́ọ̀kì náà ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó fi èékánná họ ọ́ kúrò, ó sì ń kùn pé àwọn ilé iṣẹ́ ìsinsìnyí ò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọjà mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ó fi àkísà nù ún. Kò tẹ ṣọ́ọ̀kì náà wò bóyá ó lágbára, torí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ kì í dán ọjà wò; ẹni tó wá gba ọjà ló ń dán an wò. Ó gbé wọn sípò, ó dì wọ́n le, ó dá táyà padà, ó sọ mọ́tò kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa bírò rẹ̀ yọ, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára bébà ìròyìn náà pé, ÀTIJỌ́, KÒ WÚLÒ MỌ́. Ó kọ déètì sí i, ó sì buwọ́ lù ú.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Kéèkì bu omi dé ìdajì abọ́ kan, ó gbé e sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó jókòó tì í, ó ní kí ọkọ òun wa àwọn yípo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan. Ní kòtò àkọ́kọ́, omi náà fò sórí itan rẹ̀. Ní èkejì, ó fò sí i láyà. Nígbà tí wọ́n fi máa padà délé, èyí tó kù nínú abọ́ kò lè bọ́jú ọmọ ọwọ́. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ ní títì ni kò dára. Lẹ́yìn tó rò ó díẹ̀, ó ní ẹnu abọ́ náà ló fẹ̀ jù.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lára, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ búùtù bí Fetísílẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́, ó jù ú sílẹ̀, ó sì kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mọ́tò náà mi orí. Ó rántí òórùn tó fọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì yé e pátá.

"Dádì," ló wí, "àwọn tí mo kó sínú páálí lánàá, ọ̀dà géètì wa ló wà lára wọn."

Ọkọ rẹ̀ ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun kò fún òṣìṣẹ́ kankan ní àtijọ́ lórúkọ tuntun rí. Ó ní ohun tó bá wà nínú páálí, tuntun ni. Obìnrin náà ní òun ò bá a jiyàn, kó sáà tú bébà yẹn kó wo ohun tó wà nínú ẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọkọ rẹ̀ ní ohun tí òun bá ti buwọ́ lù, a kì í tú u; bí òun bá tú u, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé irọ́ lòun buwọ́ lù.

"Èwo lẹ wá fẹ́ kó fọ́," ni ìyàwó rẹ̀ béèrè, "ṣé kéèkì mi ni, àbí ọ̀rọ̀ yín?"

"Ọ̀rọ̀ mi kì í fọ́," ló dáhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìyá Kéèkì wọ eegun. Kì í ṣe àṣìṣe náà ló dùn ún, ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ohun tó dùn ún ni pé ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé láti ọjọ́ yìí wá lè jẹ́ kí iṣẹ́ ọdún mẹ́rin wó lulẹ̀ dípò kó tú bébà ìròyìn kan ṣoṣo. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpótí, ó sì sunkún díẹ̀. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dìde, ó fọ ojú rẹ̀, ó ń bá áísìn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ gbé ẹrù bébà ìròyìn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín àwọn tó ń lẹ táyà, ó ní kí Fetísílẹ̀ gbà á, kó máa wò ó kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irin, bó tilẹ̀ kú. Ó yí padà, ó rìn lọ pẹ̀lú ìgbéraga. Kò tíì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó padà délé tí Fetísílẹ̀ fi kan géètì, ó gbé ẹrù kan náà lápá.

"Bàbá, nǹkan tí ẹ gbé wá yìí," ló bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ọjà tó bá ti jáde kò gbọdọ̀ padà wọlé láìsí lẹ́tà. Mẹkáníìkì náà ní ọ̀rọ̀ náà kò gba lẹ́tà, kó sáà wo irin náà wò. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ ní kó lọ kọ lẹ́tà. Fetísílẹ̀ tún la ẹnu, Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ sì ti géètì mọ́ ọn lójú.

Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni ìyàwó rẹ̀ wà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó ní òun ń lọ ra ṣúgà, ó sì bá Fetísílẹ̀ lórígun òpópónà. Mẹkáníìkì náà tú bébà náà níwájú rẹ̀. Àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣọ́ọ̀kì náà ṣì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, eruku inú páálí ṣì wà lórí rẹ̀. Ó fi agbára tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, irin náà wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sì jáde padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú. Ó ní òun kì í ṣe olè, òun kò lè gba ohun tuntun lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé tuntun ni.

Ìyá Kéèkì béèrè bóyá kì í ṣe irú mọ́tò wọn kan náà ni òun náà ń gùn. Fetísílẹ̀ ní irú kan náà ni, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì ti kú tipẹ́. Mọ́tò mẹkáníìkì kì í yá, gẹ́gẹ́ bí ṣòkòtò télọ̀ kì í ṣàìya. Obìnrin náà ní kó lọ gbé méjèèjì sí i lọ́sàn-án yìí kí ilẹ̀ tó ṣú, kó sì wá sí ẹ̀yìnkùlé òun ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la.

"Bàbá wá ńkọ́?" ni Fetísílẹ̀ béèrè.

"Bàbá náà máa gbé kéèkì," ló wí.

Ìgbàkúùgbà tó bá máa ṣe kéèkì ńlá, Ìyá Kéèkì a kọ́kọ́ yan kékeré kan láti fi mọ bí iná ṣe rí. Ti ọ̀sẹ̀ yẹn ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ní àárọ̀ Sátidé, ó rẹ́ áísìn sí i lára dáadáa láìsí màgòmágó rárá, ó gbé e sínú páálí, ó sì fi téèpù dí i yíká. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òṣùwọ̀n lòun fi ṣe, pé bí kéèkì yìí bá dé hòtẹ́ẹ̀lì ní pípé, òun máa bẹ ọkọ òun, òun sì máa bẹ̀ ẹ́ dénú. Bó bá sì ní òun kò mọ bí yóò ṣe dé, irọ́ ló ń pa.

Ọkọ rẹ̀ ti wẹ̀, ó ti so táì mọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ ní òun máa ṣáájú lọ tún tábìlì ṣe, ẹnì kan máa gbé òun, kí ó rọra máa gbé páálí náà bọ̀. Ọkọ rẹ̀ béèrè bóyá kéèkì náà rèé. Obìnrin náà ní kéèkì ni. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ kò ṣí i wò, torí páálí tí wọ́n bá ti fi téèpù dí, wọn kì í ṣí i kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé adé, ó sì rọra gba iwájú ilé jáde. Ṣùgbọ́n kéèkì alájà mẹ́ta ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ ṣáájú rẹ̀.

Ìyá Kéèkì jókòó lẹ́yìn mọ́tò Fetísílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yí kéèkì ká láìfọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n dé kòtò tó pa kéèkì ìgbéyàwó, ó di ojú rẹ̀. Mọ́tò náà lọ sílẹ̀, ó wá sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró. Ó ń retí èkejì, kò dé. Ó la ojú, àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró ṣánṣán. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi rẹ́rìn-ín sókè láàárín títì, Fetísílẹ̀ sì ń wò ó nínú dígí.

Ní ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì náà, ọ̀gá ibẹ̀ yí kéèkì náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí ibi tí àjà kan ti pàdé èkejì, ó ń wá ibi tó ti sán. Kò rí i. Ó ní ó pé, ó sì ní kí wọ́n lọ mú ìwé àdéhùn wá. Orí ìyẹn ni wọ́n wà nígbà tí Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ wọlé pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, táì rẹ̀ ti yí sẹ́yìn ọrùn, ó ń làágùn.

"Kéèkì dé o," ló wí fún gbogbo ilé. "Mo gbé e dé ní pípé, bí mo ṣe gbà á."

Ọ̀gá ilé ìdáná béèrè pé kéèkì wo tún ni. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ gbé páálí náà sórí tábìlì, ó fi ọ̀bẹ la téèpù, ó ṣí i. Áísìn ti lẹ̀ mọ́ ìdérí. Èyí tó kù nísàlẹ̀ dà bí yanrìn tí bíríkìlà kó kù. Àwọn tó ń dáná fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ wá wò ó, ẹnì kan sì béèrè jẹ́jẹ́ bóyá wọ́n jókòó lé e ni.

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ wo inú páálí. Ó wo kéèkì alájà mẹ́ta tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo Fetísílẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé e, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó yé òun. Ìbéèrè tó mọ̀ jù lọ láyé ló béèrè.

"Ta ló di páálí yìí?"

"Èmi ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Èmi náà ni mo di ti Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ohun tó bá wà nínú páálí, tuntun ni."

Ọkọ rẹ̀ wo áísìn ara ìdérí. Ó yí padà, ó sì jáde. Mọ́tò méjèèjì wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, irú kan náà. Ó lọ sídìí ti Fetísílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ búùtù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló lọ sókè, ó sì dúró. Ó rìn lọ sídìí tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò náà mi orí, ó tún mi orí, ó ń mi orí lọ, gbogbo àwọn tó wà lójú fèrèsé ilé ìdáná ń bá a kà á.

Fetísílẹ̀ ti dúró tì í.

"Ṣọ́ọ̀kì mi dà?" ni Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ béèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ó wà lábẹ́ mọ́tò mi, Bàbá. Mo gbé e wá fún yín lánàá, ẹ ní kí n lọ kọ lẹ́tà."

Ó béèrè ìgbà wo ni Fetísílẹ̀ lè tú u fún òun. Mẹkáníìkì náà ronú díẹ̀, ó họ orí.

"Ó ti wọ sítọ́ọ̀ mi, sà," ló wí. "Kò lè jáde láìsí lẹ́tà."

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ mí kanlẹ̀. Kò bá a jà, torí òfin ara rẹ̀ ni, òun ló sì lóye rẹ̀ jù. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ láti mú bírò. Okùn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ó fà á jáde, ó wò ó. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e, áísìn funfun díẹ̀ sì wà lẹ́nu ibi tí wọ́n ti gé e.

Ó padà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ba lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì wà níwájú rẹ̀, ó ń kà á láìkánjú, bírò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ na ọwọ́ sí i. Obìnrin náà kò gbé orí sókè.

"Ẹ ní sùúrù, Dádì," ló wí. "Mo ṣì ń buwọ́ lùwé lọ́wọ́."